Orúkọ Ajá Tí Mo Ń Pè Láàárọ̀

Ìjẹ̀bú-Òde,
Àárọ̀ Sátidé.

Bùkọ́lá mi, Àṣàkẹ́ mi àtàtà,

Orí tábìlì oúnjẹ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Mo ti àwọn tíúbù ọ̀dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó ráyè fún ìwé. Má tíì bi mí léèrè ọ̀dà wo. Mò ń bọ̀ níbẹ̀. O kú òtútù Jọ́ọ̀sì o. Ṣé o ń wọ súwẹ́tà yẹn, àbí o ti fi í ṣe ìrọ̀rí? Mo mọ ẹni tí mo bí.

Irọ́ ni mo pa fún ọ lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. O ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀nà fi Fimísílẹ̀ ránṣẹ́. Ilé yìí ti dákẹ́ jù.” Mo ní, “Háló? Háló? Mi ò gbọ́ ọ mọ́ o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa,” mo sì gé e. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Ohùn rẹ ń dún ketekete bí ẹni pé yàrá rẹ lo wà. Èmi ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, nítorí mi ò fẹ́ fún ọ ní ajá náà, mi ò sì lè sọ fún ọmọ mi pé mi ò fẹ́ fún un.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajá nìkan ló dà mí láàmú. O tún sọ nǹkan kan. O ní láti ìgbà tó o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ, ìwọ náà ò sì tẹ ti ẹnikẹ́ni. O ní o máa ń délé, o máa ń ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ́ ọ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Bùkọ́lá, ara mi bù máṣọ. Ohùn ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ. Opó ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, ọmọ mi sì wà lókè ọ̀hún. Èmi ṣì lè rí àwáwí wí. Ìwọ ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí n tó pinnu bóyá ajá á wá tàbí kò ní wá. Kà á dé òpin. Má fojú fò ó bó o ṣe máa ń fojú fo ìwé tí mo bá kọ.

Èkínní, ọ̀rọ̀ orúkọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti wọ́. O rántí ọjọ́ tó o kó àwọn ajá méjèèjì wá nínú páálí bisikíìtì? O ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ìjagun, Dádì rẹ ò sì tíì pẹ́ tó lọ. O ní kí ilé má baà ṣófo jù fún mi. Ìwọ fẹ́ sọ wọ́n ní Bíńgò àti Jáàkì. Mo ní láéláé, ajá kan ò ní jẹ́ Bíńgò nílé tíṣà Yorùbá.

O mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń ya wọ ilé yìí nígbà yẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n Dádì rẹ láti Ayépé ní kí n kó kúrò ńbí kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ìyá ìjọ ní aṣọ tí mo wọ̀ ti pupa jù fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìyá Fẹ́mi tí ògiri kan ṣoṣo pín wa níyà, òjò ì báà máa rọ̀, ó gbọ́dọ̀ yọjú láti wá wò ó bóyá mo ti jẹun, bóyá mo ti sunkún, àti irú ẹkún tí mo sun. Gbogbo wọn sú mi pátápátá. Àwa Yorùbá sì ní ọgbọ́n kan tí a máa ń dá tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sí ẹni tí a ò fẹ́ bá jà: a ó fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún sọ ajá lórúkọ, a ó wá máa pe ajá. Ta ló máa bi ọ́ pé kí lò ń bá ajá rẹ sọ? Ni mo bá sọ abo ní Fimísílẹ̀, mo sọ akọ ní Mogbọ́. O rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Orúkọ náà ṣiṣẹ́. Háà, ó ṣiṣẹ́! Láràárọ̀ màá ṣí géètì, màá ké tantan: “Fimísílẹ̀! Fimísílẹ̀!” Ajá á sáré wá, èèyàn á sá lọ. Àwọn ará Ayépé ò wá mọ́. Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láti ọ̀ọ́kán. Ìyá Fẹ́mi tiẹ̀ yọ orí sókè ògiri lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ìyá Bùkọ́lá, a ti gbọ́ o. A ti fi yín sílẹ̀.” Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga tó gùn, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ní ṣe bí wọ́n máa jẹ́ kí n sinmi báyìí.

Ìwọ náà parí ẹ̀kọ́, o lọ sìnrú ìlú, o ríṣẹ́ l'Ékòó kó o tó bọ́ sí Jọ́ọ̀sì, o ò tún gbélé mọ́. Ilé wá ku èmi àti ajá méjì. Mo sinmi, mo sinmi, ìsinmi sú mi. Nígbà míì tí mo bá gbọ́ tí géètì ń dún, màá ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rí i pé atẹ́gùn ló ń gbá a. Mo fi ẹnu ara mi lé gbogbo àdúgbò lọ, mo wá jókòó sí pálọ̀, mò ń retí wọn.

Nítorí náà, ọmọ mi, ṣọ́ ohun tó ò ń sọ lójoojúmọ́, kódà kó jẹ́ àwàdà, kódà kó jẹ́ ajá lò ń bá sọ ọ́. Èèyàn ń gbọ́. “Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀” tó o sọ fún mi yẹn, má ṣe sọ ọ́ níbi iṣẹ́ rẹ. Wọ́n á gbà ọ́ gbọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìrìn. Lẹ́yìn tó o lọ, àwọn ajá yìí ò jẹ́ kí n gbádùn. Ilẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, wọ́n á máa fi èékánná ha ilẹ̀kùn, wọ́n á máa ké bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Mo ra ṣéènì méjì, mo so wọ́n, a jáde. Ìwọ náà mọ̀ pé ládùúgbò wa, kò sẹ́ni tó ń mú ajá rìn. Ajá ló ń mú ara ẹ̀ rìn. Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró ní ìkóríta rí mi. Ọ̀kan ní, “Mọ́mì, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé títà ni?” Mo ní rárá. Èkejì ní, “Àbí wọ́n bu èèyàn jẹ ni, tẹ́ ẹ fi ń mú wọn lọ sí tọ́lọ́pàá?” Mo ní atẹ́gùn la wá gbà. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ara wọn, ọ̀kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ náà, Mọ́mì Atẹ́gùn ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń dáhùn pẹ̀lú ojú líle, torí pé tíṣà ṣì ni mí.

Mogbọ́ kì í fi ìrìn ṣeré. Ó kàn ń lọ tààrà bí ẹni tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Fimísílẹ̀ ni ìyọnu. Kò sí nǹkan tó máa kọjá láìdúró. Yóò dúró nídìí òkìtì iyẹ̀pẹ̀, yóò dúró létí gọ́tà, yóò dúró lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà létí ọgbà ilé ìwé. Màá máa fà á, màá ní, “Ó yá, ó yá, kí lò ń wò?” Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, apá ro mí, mi ò fà á mọ́. Mo ní jẹ́ kí n tiẹ̀ wo ohun tó ń wò.

Bùkọ́lá! Ewé fúrúùtù ti já sílẹ̀, àwọn kan pupa bí ẹ̀jẹ̀, àwọn kan pọ́n bí ìyeyè, àwọn míì ò tíì mọ èyí tí wọ́n máa yà sí. Ilẹ̀ ọ̀nà Ìjagun pupa fòò lábẹ́ wọn. Ojú ọ̀run ti bọ́ sínú omi tó dúró sí ipa táyà, ó wà níbẹ̀ tòun ti kùrukùru rẹ̀. Òrùlé ilé àtijọ́ tó wà lókè ibẹ̀ ti dógùn-ún, mo máa ń pè é ní ìdọ̀tí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọ̀ ọsàn ló ní, ó sì ń tàn. Mo ti ń gba ọ̀nà yẹn lọ síbi iṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́, mi ò rí i rí. Ọ̀rọ̀ tí mo máa bá hẹdimásítà sọ ló máa ń gba ọkàn mi. Ó wá ku èmi àti ajá, kò sí hẹdimásítà, kò sí ibi tí mo ń sáré lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Nígbà tí mo yíjú láti sọ fún ẹnì kan pé wo nǹkan, kò sẹ́nì kankan.

Ohun tó mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán nìyẹn. Mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún. Mo délé, mo ṣí wọ́dúróòbù rẹ. Má bínú. Mo rí gbogbo àwọn ọ̀dà tó o fi sílẹ̀ nígbà tó o parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rẹ, wọ́n wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú àpò aṣọ. Èyí tó ti gan, mo fi bíléèdì la ikùn ẹ̀, mo fi omi pò ó. Mo ya páálí kan tí wọ́n fi kó omi inú ike wá, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ní kí Fimísílẹ̀ jókòó.

O ò ní rẹ́rìn-ín mi ju bí mo ṣe rẹ́rìn-ín ara mi lọ. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, ajá ni mò ń yà sára bọ́ọ̀dù. A fún ajá. Ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń kọ sí kíláàsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró gbọnin bí ẹsẹ̀ tábìlì, ìrù rẹ̀ á wà lókè. Nígbà tí mo mú búrọ́ọ̀ṣì, A fún ajá náà ni ọwọ́ mi yà. Mo wo àwòrán, mo wo ajá. Fimísílẹ̀ náà wo àwòrán ọ̀hún, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo tún un yà. Mo wò ó dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ajá tí gbogbo wa ń pè ní pupa, kò pupa rárá. Ibi tí oòrùn bà lẹ́yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn. Inú etí rẹ̀ dà bí ara àlùbọ́sà. Abẹ́ ikùn rẹ̀ tó wà nínú òjìji, búlúù ni, mo fi ojú mi rí i. Èmi tí mo máa ń fi yẹ̀yẹ́ ṣe ọmọ tó bá kun ewúrẹ́ ní àwọ̀ ewé! Mo fi búlúù náà sí i. Mo tún fi elése àlùkò sí i lọ́rùn. Nígbà tí mo sún sẹ́yìn, ajá mi ló jókòó síbẹ̀ tó ń wò mí, kì í ṣe ajá bọ́ọ̀dù.

Láti ìgbà náà, tí a bá ti ìrìn dé, mi ò ní tíì bọ́ bàtà tí màá fi mú búrọ́ọ̀ṣì, kí àwọ̀ tó sá kúrò lójú mi. Mi ò sọ fún ọ torí ojú ń tì mí lọ́dọ̀ ẹni tó kàwé lórí ẹ̀. Ògiri pálọ̀ ti kún. Mo yọ gbogbo kàlẹ́ńdà Dádì rẹ, mo ká wọn jọ dáadáa, mo fi páálí kọ́ síbẹ̀: Mogbọ́ tó ń sùn, òun dúdú, ilẹ̀ pupa yòò, àwọn méjèèjì lábẹ́ fúrúùtù, ọ̀nà Ìjagun nígbà ọyẹ́, tó funfun bí ẹni pé wọ́n da èlùbọ́ sí i.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ nìyí, mi ò mọ èwo ló jẹ́ nínú kíkà mi mọ́. O ní o ò ya nǹkan kan mọ́, pé iwájú kọ̀ǹpútà lo máa ń wà látàárọ̀, pé tó o bá fi máa délé, àwọ̀ ti sú ọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí wọ́n bá ní kó o lò ló sú ọ. Jáde nílé. Jẹ́ kí nǹkan tó ní imú máa yan ibi tó o máa dúró sí. Fi fóònù sílé. Má dúró dìgbà tó o bá rí ọ̀dà tó péye, kun èyí tó wà lọ́wọ́. Bí ajá bá di búlúù, kó di búlúù, kò sẹ́ni tó máa fún ọ ní máàkì.

Ó ku ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Fimísílẹ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́ bí a ṣe dé ẹnu géètì, mo bá ń pè é bí mo ṣe máa ń pè é. Ó sáré wọlé. Mo ní kí n ti géètì, mo rí obìnrin kan níwájú mi, ó ká ìró rẹ̀ sókè nítorí ẹrẹ̀, ìborùn funfun wà lórí rẹ̀, ó gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ dání. Mo mọ̀ ọ́n lójú. Òun ni Àlàájà tó kó wá sílé onígéètì aláwọ̀ ewé tó wà lódìkejì títì. Òwò ló ń ṣe l'Ékòó tẹ́lẹ̀, ó sú u, ó padà wálé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà káàkiri. A kì í ju “ẹ kú àárọ̀” lọ síra wa.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú sí mi. Mo pẹ́.”

Mo ní, “Ẹ pẹ́ kí ni, Àlàájà?”

Ó ní, “Ṣé ìgbà tẹ́ ẹ ti ń pè mí kéré ni? Kò sí àárọ̀ tẹ́ ò kì í dúró lẹ́nu géètì yín, tẹ́ ẹ̀ ń kígbe pé ‘Wọlé wá ò! Wọlé wá ò!’ Mo ní kí n kọ́kọ́ palẹ̀ ẹrù mọ́, orúnkún tún ń dùn mí. Láàárọ̀ yìí ni mo sọ fún ara mi pé àfojúdi gbáà ni mò ń ṣe sí obìnrin yìí. Ẹ forí jì mí.”

Ṣé o ti rí i? Kọ ọ́ sórí ìwé bí mo ṣe kọ́ yín ní kíláàsì. Fi-mí-sí-lẹ̀: re, mí, mí, dò. Wọ-lé-wá-ò: re, mí, mí, dò. Ohùn kan náà ni! Etí Àlàájà ti ń wúwo díẹ̀, títì sì fẹ̀. Kí igbe mi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti já sọ́nà, ohùn nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́. Gbogbo àdúgbò ń gbọ́ pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀; obìnrin kan ṣoṣo yìí ń gbọ́ pé kó wọlé.

Mo ní, “Ẹ wọlé, mà.” Kí ni kí n tún sọ? Ó ní, “Ẹ bá mi di ajá yẹn mú dáadáa o, mo ti ṣe àlùwàlá.” Mo di Fimísílẹ̀ mú, Àlàájà fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ sókè lọ́wọ́ ajá.

Ibi àwòrán ló ti dúró. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kun gbogbo èyí?” Mo ní èmi ni. Ó ní, “Ajá búlúù! Alihamudulilahi. Ó mà dùn-ún wò o.” Ó ń sún mọ́ ọn, ó ń sún sẹ́yìn. Inú mi ti ń dùn, mo ti ń ro bí mo ṣe máa ṣàlàyé òjìji fún un. Ó bá bi mí pé, “Àwọn èèyàn ńkọ́?”

Mo ní, “Èèyàn wo?”

“Mo rí ajá, mo rí igi, mo rí ọ̀nà, mo rí ilé. Mi ò rí ẹyọ èèyàn kan. Ṣé ìlú tú ni?” Ó wá fi ìka kan páálí kan. “Géètì tèmi rèé. Àwọ̀ rẹ̀ gan-an lẹ mú. Ṣùgbọ́n ẹ tì í. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi tì í? Tílẹ̀ bá ti mọ́, mi ò kì í ti géètì mi. Mo máa ń ṣí i sílẹ̀ nítorí ẹni tó bá fẹ́ yà.”

Mi ò jiyàn. Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo wo òdìkejì. Géètì náà wà ní ṣíṣí gbayawu. Bùkọ́lá, mo ti dúró síwájú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Mo mọ ibi tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, mo mọ ibi tí ewé rẹ̀ ti ń di dúdú. Mi ò rí i pé ó ṣí. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kí mi láràárọ̀ ńkọ́? Mo ya ìkóríta náà, mo ya àga wọn, mi ò ya wọn. Mo wọlé, mo jókòó sílẹ̀ láàárín pálọ̀, mo wo àwòrán wọ̀nyẹn látorí dé ìdí, gbogbo ẹwà wọn, gbogbo àwọ̀ wọn, mo sì sunkún. Mi ò sun irú ẹkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí Dádì rẹ lọ, torí pé èèyàn ń wò mí nígbà náà.

Ohun tí mo fẹ́ kó o gbọ́ jù nínú lẹ́tà yìí nìyẹn. Tó o bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán, kó èyí tó o yà jọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kó o bi ara rẹ pé, àwọn èèyàn ńkọ́? Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, má sọ pé ìwọ kúkú nìyẹn. Dìde kó o tún lọ wo géètì.

Lọ́jọ́ kejì, mo yí orúkọ náà padà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “Wọlé wá ò!” Fimísílẹ̀ sáré wá bó ṣe máa ń sáré wá, etí rẹ̀ ń fò lókè. Ajá ò mọ ọ̀rọ̀, ohùn ló mọ̀. Ìyá Fẹ́mi tí etí rẹ̀ yá yọ orí lórí ògiri. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí orí yẹn kẹ́yìn. Ó ní, “Ta lẹ̀ ń pè?” Mo ní, “Ẹni tó bá gbọ́.” Ó wò mí títí, ó mi orí, ó sọ̀kalẹ̀. Kò wá. Mi ò dá a lẹ́bi. Ó pẹ́ tí mo fi ń lé e. Mo ṣì ń pè.

Mo sì tún àwòrán géètì yẹn kùn. Mo ṣí i, mo fi Àlàájà síbẹ̀ nínú ìborùn funfun. Mo gbìyànjú ojú rẹ̀ títí, ó kàn ń dà bí iṣu ni. Ó rí i, ó ní, “Tíṣà, kí ni mo fi ṣe yín?” A rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú wa. Mi ò tíì sọ fún un pé ajá ni mò ń pè nígbà yẹn. Tó o bá wálé, má tú mi fó.

Má rò pé gbogbo ẹ̀ ti dára o. Àlàájà máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ l'Ékòó, á pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣì wà tí mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ju “ẹ kú àárọ̀” lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Fimísílẹ̀ máa ń wá gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi, màá sì máa sọ gbogbo ohun tí mo rí lọ́nà fún un, bí ẹni pé kì í ṣe àwa méjèèjì la jọ lọ. Ìdí tí mo fi sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa nìyẹn.

Mo ti rò ó. Ajá náà ń bọ̀. Mùdá, ọmọ Àlàájà, ń lọ kó ànàmọ́ ní Jọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ajé. Ó ti kan àgò igi sẹ́yìn àga rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ní òun á gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ, ṣùgbọ́n kí ajá má fi imú kan òun. Ṣéènì rẹ̀, abọ́ rẹ̀, àti tíúbù búlúù kan tí kò tíì gan wà nínú àpò. Àwòrán géètì ṣíṣí náà wà níbẹ̀. Kọ́ ọ sí ibi tí àlejò á ti rí i.

Tó bá dé, máa mú un jáde láàárọ̀ kó o tó lọ síbi iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ léèrè orúkọ rẹ̀, dáhùn, kó o sì béèrè orúkọ tiẹ̀ náà. Ṣí ilẹ̀kùn rẹ, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó o pè é bí mo ṣe ń pè é báyìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó yí ọ ká ò gbọ́ Yorùbá. Kò burú. Ìwọ gbọ́ ọ, etí tìẹ ni mo fẹ́ kó máa wọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá ṣí géètì. Mo mọ ara mi, màá gbàgbé, màá pè. Mogbọ́ á gbé orí sókè, á wo ojú ọ̀nà, á wò mí, á tún sùn. Kí n má tún parọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kejì, Àṣàkẹ́ mi: láti ọjọ́ tí mo ti yí orúkọ yẹn padà, tí mo bá dúró lẹ́nu géètì tí mò ń ké e, ajá á ti dé ẹsẹ̀ mi, màá sì tún máa wo ọ̀nà. Ìwọ ni mò ń pè. Ṣe iṣẹ́ rẹ dáadáa, má sáré kúrò níbẹ̀ nítorí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fún ọ ní ìsinmi, mú ajá wa dání, ọmọ mi, kó o wọlé wá ò.

Èmi ni,
Mọ́mì rẹ,
tó gbọ́ ọ dáadáa lórí fóònù.